Ta Ni Ó Kọ Orin Náà? Àríyẹ̀wò Iṣẹ́ Àwọn Obìnrin Oníwákà

Ọ̀rọ̀-ìṣe kan wà nínú èdè wa tí ó ń ṣe iṣẹ́ méjì pọ̀. Bí a bá ní ẹnì kan kọ ìwé, ohun tí a ní lọ́kàn ni pé ó fi gègé tẹ ọ̀rọ̀ sí orí tákàdá. Bí a bá sì ní ó kọ orin, ohun tí gbogbo ènìyàn yóò kọ́kọ́ gbọ́ ni pé ó la ẹnu, ohùn sì jáde. Síbẹ̀, "kọ" kan náà ni, ohùn kan náà ni a sì fi ń pe méjèèjì. Nígbà tí a bá sọ pé, "Òun ni ó kọ orin yìí," ẹni tí ń gbọ́ wa kò lè mọ̀, láti inú gbólóhùn náà nìkan, bóyá ẹni tí à ń wí ni ó ronú orin náà tí ó sì tò ó, tàbí pé ó kàn gba orin ẹlòmíràn sí ẹnu. Ọ̀rọ̀ kejì tí a ní, "dá orin", kò yanjú ọ̀ràn náà pátápátá. Ẹni tí ó dá orin ni ó ṣíwájú tí àwọn yòókù gbè é. Ṣùgbọ́n "dá" náà ni a fi ń sọ̀rọ̀ Ẹlẹ́dàá tí ó dá ayé.

Àìdájú yìí ì bá tí jẹ́ nǹkan bàbàrà bí kò bá ní ẹni tí ó ń pa lára. Ẹni tí ó ń pa lára jù ni obìnrin. Bí ọkùnrin bá jẹ́ olórin, a máa ń ka ọgbọ́n inú orin rẹ̀ sí i lọ́rùn. A máa ń tú òwe rẹ̀, a máa ń wádìí ẹni tí ó ń bá wí àti ohun tí ó fa ọ̀rọ̀ náà. Bí obìnrin bá jẹ́ olórin, ohùn rẹ̀ ni a máa ń yìn. A ó ní ohùn náà dùn bí oyin, a ó ní ó rinlẹ̀, a ó sì dákẹ́ síbẹ̀. Ìyìn ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni tí ó yin ọwọ́ alágbẹ̀dẹ tí kò wo ọkọ́ tí alágbẹ̀dẹ náà rọ. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé àwọn obìnrin oníwákà jẹ́ olùdá orin ní kíkún, àti pé bí a kò bá tètè so orúkọ wọn mọ́ iṣẹ́ wọn, iṣẹ́ náà yóò di ti ẹni tí ó bá kọ́kọ́ nawọ́ mú un.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ibi tí wákà ti wá. Ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni a wà ní Ifo, níbi tí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin láti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta gbà kọjá. Ilẹ̀ Ẹ̀gbá kan náà ni a ṣì wà ní Mowe àti Ibafo, ní etí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n bí a bá kọjú sí ìlà-oòrùn láti Mowe, kò ní í pẹ́ tí a ó fi wọ ilẹ̀ Rẹ́mọ, a ó sì ti ibẹ̀ bọ́ sí Ìjẹ̀bú. Ìjẹ̀bú yìí ni wákà ti fìdí múlẹ̀ jùlọ, láti ibẹ̀ ni ó sì ti tàn ká àwọn ìlú tí mo dárúkọ wọ̀nyí. Ọ̀rọ̀ "wákà" fúnra rẹ̀ bá ẹ̀sìn Mùsùlùmí wọlé. Èdè Haúsá ni, ohun tí ó sì túmọ̀ sí níbẹ̀ kò ju "orin" lọ. Àwọn obìnrin Mùsùlùmí ni wọ́n ń kọ ọ́ ní àsìkò ààwẹ̀, ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, ní ọjọ́ tí ọmọ ilé-kéwú bá parí Kùránì, àti nígbà tí a bá ń pàdé àwọn tí ó ti Mẹ́kà dé. Ní ìbẹ̀rẹ̀, àtẹ́wọ́ àti sẹ̀lí, èyí tí í ṣe àwo irin pẹlẹbẹ tí a so òrùka mọ́ tí a sì ń gbá mọ́ ara wọn, ni wọ́n fi ń gbè é. Nígbà tí ó yá ni ìlù oríṣiríṣi dara pọ̀ mọ́ ọn.

Ohun kan wà nínú ìtàn yìí tí ó yẹ kí á fi sọ́kàn. Orin inú agbo ilé ni wákà jẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹni tí ń sanwó fún un, kò sì sí ẹni tí ń béèrè orúkọ ẹni tí ó dá a. Ìyá àgbà kan yóò dá orin tuntun ní ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Bí ó bá dùn, àwọn obìnrin yòókù yóò gbé e lọ sí ilé wọn. Kí ọdún tó yí po, orin náà yóò ti di ti gbogbo ìlú. Bí orin ṣe ń gbilẹ̀ ni orúkọ ẹni tí ó dá a ń parẹ́. Àṣà yìí ni àwọn obìnrin tí a ó mẹ́nu bà bá nílẹ̀, òun náà ni ó sì jẹ́ kí ó rọrùn fún wa láti máa wo iṣẹ́ wọn bí ẹni pé ó hù láti inú ilẹ̀ fúnra rẹ̀.

Orúkọ tí ó yẹ kí á kọ́kọ́ kọ sílẹ̀ ni ti Alhaja Batile Alake, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó. Láàárín ọdún 1950 sí 1970 ni òkìkí rẹ̀ kàn gidigidi. Ó sì jáde láyé ní ọdún 2013. Òun ni ó mú wákà kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wá sí ojú agbo òde-àríyá ńlá káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, òun ni a sì mọ̀ sí oníwákà àkọ́kọ́ tí ó gbé orin rẹ̀ sínú àwo. A sábà máa ń sọ èyí gẹ́gẹ́ bí ìròyìn lásán, kí á tó kọjá sí ọ̀rọ̀ mìíràn. Ẹ jẹ́ kí á dúró díẹ̀ síbẹ̀. Orin tí àwọn obìnrin ń fi gbogbo òru kọ, tí ó lè gùn bí àwọn àlejò bá ṣe pọ̀ tó, ni ó di dandan kí ó wọ inú àwo tí ojú rẹ̀ kan kì í gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ ní ayé ìgbà náà. Ẹni tí yóò ṣe èyí gbọ́dọ̀ mọ ohun tí yóò yọ kúrò àti ohun tí yóò fi sílẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ mọ ibi tí orin yóò ti bẹ̀rẹ̀ láìsí ìkíni gígùn, àti ibi tí yóò parí sí kí ó má dà bí ọ̀rọ̀ tí a gé lẹ́nu. Ohùn dídùn nìkan kò lè ṣe irú yíyàn bẹ́ẹ̀. Làákàyè olùdá orin ni ó ń ṣe é.

Ní Ìjẹ̀bú-Igbó kan náà ni Haruna Ishola, ọba orin àpàlà tí ó kú ní ọdún 1983, fi ṣe ibùjókòó. Kò sí ẹni tí ó ń jiyàn pé Haruna Ishola ni ó dá orin rẹ̀ sílẹ̀. Ìjìnlẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà lára ìdí tí ó fi rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìdí mìíràn tún wà. Ní ọdún 1969, òun àti I. K. Dairo dá ilé-iṣẹ́ àwo Star sílẹ̀, kí àwọn olórin fúnra wọn lè jẹ́ olówó iṣẹ́ wọn; nígbà tí ó sì di ọdún 1979, ó kọ́ ilé ìgbohùnsílẹ̀ Phonodisk sí Ìjẹ̀bú-Igbó. Ẹni tí ó ni ilé tí a ti ń ṣe àwo ni ó ń pinnu orúkọ tí yóò wà lára àwo, bí a ó ṣe kọ ọ́, àti ibi tí a ó tọ́jú rẹ̀ sí. Àwọn obìnrin oníwákà ìgbà náà kò ní irú ilé bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín òkìkí àpàlà àti ti wákà nínú ìwé wa lónìí, ó kéré tán apá kan nínú rẹ̀, wá láti ibi ohun-ìní. Kò wá láti ibi ẹ̀bùn.

Ó tó àkókò wàyí kí á wo iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Kí ni ẹni tí ó ń dá wákà ń ṣe? Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni ti ohùn ọ̀rọ̀. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ èdè wa ni ó mọ̀ pé ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ yàtọ̀ sí ara wọn, àti pé bí a bá fi ohùn orin gbé ọ̀kan lọ sí ibi tí kò yẹ, a lè sọ ọkọ ìyàwó di ọkọ́ ìroko níṣojú àna rẹ̀. Wàhálà yìí ni ó bá àwọn tí ó kọ́kọ́ túmọ̀ orin ìjọ láti èdè Gẹ̀ẹ́sì jà fún ọdún púpọ̀, nítorí pé wọ́n mú ọ̀rọ̀ Yorùbá wọ ẹ̀wù ohùn tí a rán fún èdè mìíràn. Ní ọdún 1953 ni T. K. Ekundayo Phillips, atẹ-dùùrù Cathedral Church of Christ ní Èkó, tẹ ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá jáde, níbi tí ó ti ṣàlàyé pé láti inú ohùn ọ̀rọ̀ ni ohùn orin wa ti gbọ́dọ̀ jáde. Ìwé náà níyì, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ìwé náà tó jáde ni àwọn obìnrin oníwákà ti ń ṣe ohun tí ó wí, láìsí ẹni tí ó kọ́ wọn ní ilé-ìwé. Ọkùnrin tí ó kọ òfin náà sílẹ̀ di ọ̀mọ̀wé lójú wa; àwọn obìnrin tí ó ń pa òfin náà mọ́ ní ojoojúmọ́ wà bí wọ́n ti wà, ohùn dídùn lásán.

Iṣẹ́ kejì ni ti ègbè. Ènìyàn lè rò pé ègbè ni ó rọrùn jù nínú orin, nítorí pé ó kúrú. Kíkúrú rẹ̀ gan-an ni ó mú un ṣòro. Ègbè wákà gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí obìnrin tí kò gbọ́ ọ rí lè gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo; ó gbọ́dọ̀ ní ìtumọ̀ fúnra rẹ̀; ó sì gbọ́dọ̀ bá gbogbo ohun tí adárin yóò sọ lẹ́yìn rẹ̀ mu, ìbáà jẹ́ àdúrà, ìbáà jẹ́ ìkìlọ̀, ìbáà jẹ́ oríkì. Bí ègbè bá le jù, agbo yóò dákẹ́. Bí ó bá rọ̀ jù, kò ní í lè gbé orin náà dé ibi tí ó ń lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí iṣẹ́ yìí ti ní agbára tó, kí ó jókòó, kí ó gbìyànjú láti dá ègbè kan ṣoṣo tí ọgọ́rùn-ún ènìyàn lè fi ìdajì òru gbè láìsú wọn.

Iṣẹ́ kẹta ni ti ètò. Wákà tí ó gún régé kì í bẹ̀rẹ̀ láti àárín. Yóò júbà Ọlọ́run àti Ànábì, yóò kí àwọn tí ó wà níjókòó, kí ó tó wọ inú ọ̀rọ̀ tí ó bá wá. Láti ibẹ̀ ni oríkì yóò ti yọjú, tí a ó sì padà sí ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí àwo ńlá dé, tí ojú rẹ̀ kan lè gbà tó ogún ìṣẹ́jú, ètò yìí tún gba ọgbọ́n mìíràn: a ní láti so orin mẹ́ta tàbí mẹ́rin pọ̀ láìdánu dúró, kí ìlù máa gbé wọn kọjá láti ọ̀kan bọ́ sí èkejì, kí ẹni tí ń gbọ́ má sì mọ ojú àránpọ̀. Òǹkàwé tí ó bá ti gbìyànjú láti kọ ìtàn gígùn rí yóò mọ irú òógùn tí ó wà nínú rẹ̀.

Níbi yìí ni mo fẹ́ mú iṣẹ́ ẹnì kan tí gbogbo wa mọ̀ wá sí ojú táyé. Salawa Abeni, ọmọ Ìjẹ̀bú tí a bí ní ọdún 1961, gbé àwo rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1976 lábẹ́ ilé-iṣẹ́ Leader Records. Ọ̀gágun Murtala Ramat Mohammed, olórí ìjọba tí a pa ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún náà, ni a fi sọrí àwo náà. Àwọn òpìtàn orin a máa sọ pé òun ni àwo àkọ́kọ́ láti ẹnu obìnrin ní èdè Yorùbá tí ó tà ju mílíọ̀nù kan lọ. Iye yìí ni gbogbo ènìyàn máa ń sọ, wọn a sì fi ọjọ́ orí ọmọbìnrin náà kún un, nítorí pé kò ju ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Ṣùgbọ́n ìyanu ti ọjà yàtọ̀ sí ìyanu ti iṣẹ́ ọnà. Ìbéèrè alárìíwísí ni èyí: kí ni ó ṣòro nínú orin arò tí ó dá lé irú ẹni bẹ́ẹ̀?

Arò Yorùbá, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sun ún ní ilé olókùú, dúró lórí ìbátan. Ẹni tí ń sun ún mọ olóògbé. Ó mọ baba rẹ̀ àti ìyá rẹ̀. Oríkì orílẹ̀ ìdílé náà wà ní ẹnu rẹ̀, láti inú oríkì náà ni ó sì ti ń fa ọ̀rọ̀ yọ. Murtala Mohammed kì í ṣe ọmọ Yorùbá; ará Kánò ni. Kò ní oríkì orílẹ̀ kankan láàárín wa tí a lè fi sunkún rẹ̀. Ẹni tí yóò fi èdè Yorùbá dárò rẹ̀ ní láti wá ọ̀nà mìíràn láti fi sọ ọ́ di ẹni wa. Wákà ní ọ̀nà náà nílẹ̀, nítorí pé orin Mùsùlùmí ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Àdúrà fún òkú Mùsùlùmí kò béèrè ilẹ̀ baba ẹni. Bí a bá gbé arò inú agbo ilé lé orí àdúrà ẹ̀sìn, arò ìdílé di arò orílẹ̀-èdè. Èyí ni mo kà sí àṣeyọrí àwo náà. Ó fi hàn pé ìlànà àtijọ́ tí àwọn ìyá wa fi sílẹ̀ lè gba ọ̀ràn tuntun tí ó tóbi ju agbo ilé lọ, láìfọ́.

Ẹnì kan lè sọ pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò lè mọ gbogbo èyí, pé àwọn àgbà ni ó kọ́ ọ. Kò sí olùdá orin kan láyé tí àgbà kò kọ́. Ohun tí a kò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí á fi ẹ̀kọ́ tí ọmọ gbà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ.

Títí di ọdún 1986 ni Salawa Abeni fi wà ní Leader Records. Lẹ́yìn náà ni ó lọ sí ilé-iṣẹ́ àwo ti Kollington Ayinla, olórin fújì, ó sì wà níbẹ̀ títí di ọdún 1994. Ní ọdún 1992 ni Aláàfin Ọ̀yọ́, Ọba Lamidi Adeyemi Kẹta, fi í jẹ Ọbabìnrin Wákà. Ẹ kíyèsí i pé láàárín ọdún méjìdínlógún tí mo kà yìí, ilé-iṣẹ́ tí orúkọ ọkùnrin gbé ró ni iṣẹ́ rẹ̀ wà, àti pé nígbà tí àwọn ìwé ìròyìn bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹni tí ó fẹ́ àti ẹni tí ó kọ̀ máa ń gba àyè ju orin lọ. Oyè tí Aláàfin fi í jẹ tọ́, ó sì yẹ ẹ́. Síbẹ̀, oyè kò lè ṣe iṣẹ́ tí àríwísí kọ̀ láti ṣe. A ti fi í jọba lórí orin kan tí a kò tíì jókòó kà.

Kí á má baà rò pé ilẹ̀ wa nìkan ni irú nǹkan báyìí ti ń ṣẹlẹ̀, ẹ jẹ́ kí á wo obìnrin kan tí ó gbé ayé ní ilẹ̀ Pólándì ju igba ọdún sẹ́yìn lọ. Maria Szymanowska ni orúkọ rẹ̀. Ní ìlú Warsaw ni a ti bí i ní ọdún 1789. Ó lọ ilé ọkọ ní 1810, ó bí ọmọ mẹ́ta, tí ìbejì wà nínú wọn. Ní 1820 òun àti ọkọ rẹ̀ pínyà. Láti ìgbà náà ni ó ti ń fi ìka ọwọ́ rẹ̀ lórí piano bọ́ àwọn ọmọ náà. Ní 1822 ni a fi í ṣe atẹ-piano àgbà fún àwọn ọbabìnrin Rọ́ṣíà. Láti 1823 ni ó sì ti rin Jámánì, Faransé, Ìtálì àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì já, kí ó tó padà lọ fìdí kalẹ̀ sí St. Petersburg, níbi tí àrùn kọ́lẹ́rà ti pa á ní ọdún 1831. Orin tí ó dá sílẹ̀ tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún. Lára wọn ni mazurka wà, tí í ṣe ijó àwọn ará oko ní ilẹ̀ rẹ̀. Ó gbé ijó náà wọ inú ilé àwọn ọlọ́lá kí Chopin, tí gbogbo ayé fi ijó yìí mọ̀ lónìí, tó dàgbà. Ohun tí ó ṣe fún ijó oko kò jìnnà sí ohun tí Batile Alake ṣe fún orin ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Báwo ni a ṣe ń rántí rẹ̀? Goethe, àgbà akéwì Jámánì, gbọ́ ọ ní 1823, ó sì kọ ewì fún un; nítorí ewì náà ni ọ̀pọ̀ ìwé ṣe dárúkọ rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Celina, fẹ́ Adam Mickiewicz, akéwì tí ó lókìkí jù ní Pólándì, ní 1834. Nítorí ìgbéyàwó náà ni àwọn ìwé yòókù ṣe dárúkọ rẹ̀. Ìyá ìyàwó akéwì kan, ẹni tí akéwì mìíràn yìn: bẹ́ẹ̀ ni obìnrin tí ó dá ọgọ́rùn-ún orin di àlejò nínú ìtàn àwọn ọkùnrin. Àwa tí a mọ bí a ti ń sọ ìtàn àwọn oníwákà kò ní ẹnu láti fi bá àwọn ará Pólándì wí.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá kan wà, òun ni ó sì mú kí n mú un wá sí àárín wa. Ní nǹkan bí ọdún 1820, ilé-iṣẹ́ Breitkopf & Härtel ní ìlú Leipzig tẹ ogún orin kúkúrú rẹ̀ jáde, tí ó kọ fún ìdánrawò àti ìfáárà lórí piano. Ó kú ní 1831. Ní 1836, ọdún márùn-ún lẹ́yìn ikú rẹ̀, Robert Schumann, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ àgbà olùdá orin àti alárìíwísí, mú orin ìdánrawò rẹ̀, ó sì kọ àríwísí tí ó yìn ín. Ohun tí Schumann wádìí ni iṣẹ́ náà bí ó ti wà lórí tákàdá. Olóhùn ti lọ, olùdá sì kù. Bí kò bá sí tákàdá náà, Goethe nìkan ni ì bá jẹ́ ẹlẹ́rìí, ẹ̀rí rẹ̀ kì bá sì ju pé obìnrin náà tẹ piano dáadáa lọ.

Àtakò méjì wà tí mo mọ̀ pé àwọn òǹkàwé kan ti ń múra sílẹ̀ láti gbé dìde. Èkíní ni pé orin ìyìn olówó ni wákà, pé ẹni tí ó bá náwó ni a ń kì, àti pé irú orin bẹ́ẹ̀ kò yẹ fún ìwádìí. Òtítọ́ wà nínú àtakò yìí, n kò sì ní í fi í pamọ́. Àwọn àwo kan wà tí orúkọ àwọn ọlọ́lá gba ojú kan tán, tí ẹni tí kò mọ àwọn ènìyàn náà kò lè rí nǹkan mú níbẹ̀. Àléébù ni. Ṣùgbọ́n bí a bá fi àléébù yìí lé wákà jáde, a ó fi lé àpàlà, sákárà, fújì àti jùjú jáde pẹ̀lú, nítorí pé gbogbo wọn ni ó ń jẹun níbẹ̀. Szymanowska náà jẹun ní ààfin. Iṣẹ́ alárìíwísí ni láti ya ibi tí orin ti ń sanwó oúnjẹ sọ́tọ̀ kúrò ní ibi tí ó ti ń sọ̀rọ̀.

Àtakò kejì wúwo ju ti ìṣáájú lọ. Wọ́n ní iṣẹ́ agbo ni wákà: onílù fi tirẹ̀ kún un, ẹlẹ́gbè fi tirẹ̀ kún un, nítorí náà kò sí ẹnì kan ṣoṣo tí a lè pè ní olùdá. Mo gbà pé ọ̀pọ̀ ọwọ́ ni ó ń gbé e. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọwọ́ ni ó ń kọ́ ilé pẹ̀lú, kò sì sí ẹni tí ó ń tìtorí èyí sọ pé ilé kò ní ẹni tí ó la ìpìlẹ̀ rẹ̀. Nínú wákà, ẹni tí ó wà níwájú ni ó ń yan ọ̀rọ̀, òun ni ó ń yan ègbè, òun ni ó sì ń mọ ìgbà tí a ó yí orin padà. Bí onílù tàbí ẹlẹ́gbè bá fi nǹkan pàtàkì kún un, ẹ jẹ́ kí á dárúkọ òun náà. Àtakò yìí, bí a bá gbà á tọkàntọkàn, yóò mú kí orúkọ tí a ó kọ pọ̀ sí i ni. Kò lè mú kí á má kọ ìkankan.

Ọ̀ràn yìí kò parí sí ọ̀dọ̀ àwọn olórin tí àwo wọn wà lọ́jà. Ní etí ọ̀nà márosẹ̀ tí ó gba Ibafo àti Mowe kọjá, ibùdó ẹ̀sìn ńláńlá wà: Prayer City ti Mountain of Fire ní Ibafo, Redemption City ti ìjọ Redeemed ní ẹ̀gbẹ́ Mowe, àti ibùdó NASFAT ní Asese. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń pé jọ sí irú ibùdó bẹ́ẹ̀, orin sì ni wọ́n fi ń gbóhùn àdúrà sókè. Ègbè tuntun ń jáde nínú ẹgbẹ́ akọrin àti ẹgbẹ́ àsàlátù, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ láti ẹnu obìnrin. Kí oṣù mélòó kan tó kọjá, àwọn ìjọ mìíràn yóò ti máa gbè é, wọn a sì ní "orin ìjọ" ni. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ Ìjẹ̀bú láyé àtijọ́ ni ó tún ń ṣẹlẹ̀ lójú wa, nígbà tí gbogbo wa mọ̀wé, tí ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ sì wà nínú àpò olúkúlùkù. Àwọn ìyá wa àtijọ́ ní àwáwí. Àwa kò ní.

Kí ni ó yẹ ní ṣíṣe? Ẹ̀yin olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga lè fi àwo wákà kún ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi ṣe iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àṣekágbá. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kan gbọ́ ojú àwo kan ṣoṣo, kí ó kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn, pẹ̀lú àṣẹ ẹni tí ó ni í; kí ó tọ́ka sí ibi tí ègbè ti yí padà, kí ó sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀. Bí ogún akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣe èyí ní ọdún mẹ́ta, a ó ní ìwé tí ẹni tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn wa lè fi ṣe irú ohun tí Schumann ṣe. Ẹ̀yin olùkọ́ ní Ifo, Mowe àti Ibafo ní iṣẹ́ tí ó tún súnmọ́ yín ju èyí lọ. Ẹ rán àwọn ọmọ sí àwọn ìyá àgbà wọn, Ìjẹ̀bú ni, Ẹ̀gbá ni, Àwórì ni. Kí wọ́n béèrè orin ìsọmọlórúkọ kan, orin ìgbéyàwó kan, orin ààwẹ̀ kan. Kí wọ́n má ṣe dákẹ́ nígbà tí ìyá àgbà bá kọ orin náà tán, kí wọ́n béèrè pé, "Ìyá, ta ni ó dá a?" Nígbà mìíràn ìyá náà yóò ní òun kò mọ̀. Nígbà mìíràn yóò dárúkọ ìyá ọkọ rẹ̀ tàbí ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ó ti kú. Nígbà mìíràn, ẹnu yóò ya ọmọ náà, nítorí pé ìyá tí ó jókòó níwájú rẹ̀ ni yóò sọ pé òun ni. Kí a kọ orúkọ náà sílẹ̀, kí a kọ ìlú àti ọdún rẹ̀.

Ní ti àwa tí à ń kọ̀wé, ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rọ̀ tí mo fi ṣí àpilẹ̀kọ yìí. Kí á máa lo "kọ orin" fún ẹni tí ó gbé e sókè ní ẹnu, kí á sì máa lo "dá orin sílẹ̀" fún ẹni tí ó rò ó tí ó sì tò ó. Bí ẹnì kan bá ṣe méjèèjì, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ obìnrin oníwákà ti ṣe, kí á sọ méjèèjì fún un. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ni yóò fi kún gbólóhùn wa, kò sì ní í ná wa ní kọ́bọ̀.